Gàárì Ìjẹ̀bú kọ́ ni ọ̀tá wa nínú ọ̀ràn ibà Lassa

Sí Olóòtú,

Mo fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń ti ẹnu dé ẹnu láti ọdún 2016, tí ó sì máa ń gbérí bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, pé gàárì tí a fi omi tútù rẹ ni ó ń kó ibà Lassa ran ènìyàn, kí olúkúlùkù jáwọ́ nínú mímu ún. Àwọn mìíràn tún ní àìsàn ará oko ni, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀wọ̀ ni ó mọ, kò lè ríbi wọ ìlú ńlá bí Ìjẹ̀bú-Òde. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tọ̀nà, èkejì sì léwu ju èkínní lọ.

Iná tí àwọn ìyá wa fi ń yan gàárì nínú agbada ti tó láti pa kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ibà yìí. Ẹ̀yìn yíyan ni ewu wà, nígbà tí a bá tú gàárì sílẹ̀ láìbò, tàbí tí a sá a sí ẹ̀bá títì, tí eku kékeré kan, tí abo rẹ̀ ní ọmú lọ́pọ̀lọpọ̀, wá tọ̀ sí i, tí ó sì yàgbẹ́ sí i. Eku náà kì í ṣàìsàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń gbé ikú kiri ilé. Ẹni tí ó bá wá fẹ̀sùn kan gàárì, tí ó gbàgbé àpò tí ó ya àti ààtàn tí ó wà lẹ́yìnkùlé, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa lápálápá, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu opó tí ń fi gàárì tọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè.

Gàárì kọ́ ni ó pa Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó kú ní Jos ní ọdún 1969, nígbà tí a kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀. Laura Wine, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti Lassa ní ilẹ̀ Borno, ni Shaw ń tọ́jú, ibẹ̀ ni ó sì ti kó o. Ènìyàn ń kó o ran ènìyàn, ó sì lè fara pamọ́ sí ẹni lára fún ọjọ́ 21 kí ó tó fara hàn. Ẹ wá wo ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ìbíní wá sí Ṣàgámù, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Ẹ wo àwọn èrò ọjà Òkè Ajé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti gbogbo ìpínlẹ̀ rọ́ wá sí Yunifásítì Tai Solarin níhìn-ín ní Ìjagun, kí ẹ sì sọ fún mi ibi tí odi ìlú wa wà. Ní ọdún 2018 nìkan, ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà, 171 nínú wọn sì kú.

Èrò pé àìsàn oko kì í wọ ìlú ti tan àwọn mìíràn jẹ rí: ní ilẹ̀ Brazil, àrùn oko ni wọ́n pe kala-azar, ibà tí ń wú ikùn, tí ń gbẹ ẹran ara, tí eṣinṣin kékeré kan ń gbé láti ara ajá sí ara ènìyàn, títí ó fi wọ ìlú Teresina ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bí àwọn ará oko ti ń rọ́ wọ ìlú. Wọ́n pa ajá lọ́pọ̀lọpọ̀, síbẹ̀ àrùn náà tàn dé Belo Horizonte. Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, mo ké sí àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa pé kí wọ́n dá àwọn wọlé-wọlé padà sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, bí ó ti rí ní ayé àwọn baba wa, kí wọ́n máa kó ààtàn ọjà lásìkò, kí wọ́n sì fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìbọ̀wọ́ tí ó tó. Kí àwọn ìyálọ́jà rí i pé abọ́ onídèérí ni a ń kó gàárì sí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibà tí a lo oògùn ibà sí tí kò lọ, ẹ má ṣe fi ọjọ́ ṣòfò nílé: ẹ tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn Lassa wà, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín,
Ìjagun, Ìjẹ̀bú-Òde.