Kí A Kà Á Kí A Tó Pè É Ní Ọ̀kan

Àwọn àgbà a máa wí pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba lára koríko ìgbẹ́ tí ó bá àlìkámà tan.

Nínú ara gbogbo ewéko ni krómósómù wà, okùn tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí, tí í gbé ìwà òbí fún ọmọ. Nínú ìdílé àlìkámà, ọ̀wọ́ kan jẹ́ méje. Ẹ wo Agropyron cristatum, koríko pápá Yúróòpù àti Éṣíà: òmíràn nínú rẹ̀ ní 14, òmíràn 28, òmíràn 42, síbẹ̀ orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ìbátan rẹ̀, Thinopyrum ponticum, ní 70, èyíinì ni ọ̀wọ́ mẹ́wàá. Lára èyí ni àwọn amòye ti mú agbára wọ inú àlìkámà láti dènà àrùn tí í mú ewé àti igi rẹ̀ pọ́n bí irin tí ó dípẹtà.

Nítorí náà, àwa kò gbà pé ó tó kí ilé ìpamọ́ irúgbìn kó ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ó sì wí pé òun ti ní koríko náà. Bí iye ọ̀wọ́ òbí méjì kò bá dọ́gba, ọmọ wọn sábà máa ń yàgàn. Ẹni tí kò kà á yóò ṣiṣẹ́ lásán. Bí ẹnìkan bá wí pé wàhálà yìí pọ̀ jù fún koríko lásán, àwa yóò bi í pé: bí àrùn mìíràn bá kọlu àlìkámà, níbo ni a ó ti wá ìwòsàn?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá di olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí a kọ́ ọmọ ní orúkọ ewéko nìkan.