Ìran Wíwò Tó Gẹ́ẹ́, Ẹ Fún Wa Ní Kọ̀ǹgọ́!

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lónìí. Bí àwọn onílù bá wọ ọgbà wa lọ́jọ́ ayẹyẹ, tí ìyáàlù bá kọjú sí ẹ, tó ń pè ẹ́, tó ń kì ẹ́, kí lo máa ń ṣe? Wàá rẹ́rìn-ín, wàá ju èjìká méjèèjì, wàá lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Ó dáa. Kí ló sọ? O ò mọ̀! Ó lè ti kì ẹ́ ní ọmọ olówó, ó sì lè ti bú ẹ ní ahun tó ń fi àádọ́ta náírà yangàn. Ijó kan náà ni wàá jó sí i. Ẹni tí wọ́n ń bú tó ń jó, ṣé ọ̀mọ̀wé la fẹ́ máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá à ń kọ̀wé ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyáàlù náà ń kéwì bíi tiwa, ohùn ló fi ń ké e. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀: àmì tí púpọ̀ nínú wa kì í rántí fi sórí ọ̀rọ̀ nígbà ìdánwò, òun gan-an ni awọ ewúrẹ́ ń sọ jáde. A ń kọ Yorùbá sórí bébà, a sì di adití sí Yorùbá tó ń ti ara ìlù jáde. Ẹ̀gàn gidi ni.

Ẹjọ́ mi ò gùn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pe onílù wá sí ọgbà yìí, kí àyè wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀wọ́ ìlù náà. Àyè ìlù ni mo wí o, kì í ṣe àyè ìran. Kí ẹni tí kì í fi ìlù jẹun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fi jẹun, kí wọ́n jọ lù ú, lójú agbo, níwájú èrò.

Ní ọ̀sẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá, àwa mẹ́rin lọ bá àwọn tó ń ṣètò, a ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé omele ti àwọn onílù lẹ́yìn. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba eré jẹ́ fún wa. A ti sanwó fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.” Àwọn onílù fúnra wọn ò kọ̀ o! Bàbá tó ṣíwájú wọn tiẹ̀ bi wá pé, “Èwo nínú yín ló ti lu nǹkan rí?” Ó fẹ́ wò wá. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló dínà mọ́ wa.

“Ẹ má ba eré jẹ́.” Ẹ jẹ́ ká yẹ gbólóhùn yìí wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni àìmọ̀ wọn fara pamọ́ sí. Òyìnbó ní ọ̀kẹ́sítírà, àwa náà ní. Dùndún kì í ṣe ìlù kan ṣoṣo. Ìyáàlù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣaworo rẹ̀, kẹ̀ríkẹ̀rì wà níbẹ̀, gángan, ìṣáájú, kànnàngó, àti gúdúgúdú tí wọ́n ń gbé kọ́rùn tí wọ́n ń fi bílálà lù. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ó lè kì, ó lè dárin, ó lè pòwe, ó lè yí ìlù padà lójijì. Àwọn omele dúró sójú kan, wọ́n ń tún ohun tiwọn lù, kí ọ̀rọ̀ ìyá lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn bàbá wa ti fi àyè ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sínú ìlù náà fúnra rẹ̀! Ọmọ onílù kì í jókòó sí kíláàsì fọ́dún mẹ́ta kó tó jáde. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé omele kọ́ ọ lọ́rùn, tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóde ìkómọ, lọ sóde ìsìnkú, lọ sí ààfin. Bó bá ṣì í lù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á fi ojú bá a wí, ìlù á sì máa lọ. Òde gan-an ni ilé ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ pé akọ́ṣẹ́ á ba eré jẹ́, kò tíì wo eré náà rí. Owó tó san ló ń wò.

Orin tá a fi ń ṣe fàájì náà, ọ̀nà kan náà ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Kí Sunny Adé tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, inú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá ló ti ṣeré, ìyẹn Bàbá Sàlá, nígbà tí bàbá yẹn ṣì ń kọrin háíláìfù kó tó gbájú mọ́ àwàdà. Ebenezer Obey ṣeré lábẹ́ Fàtáì Rolling Dollar. Wasiu Àyìndé ru ẹrù ìlù fún Síkírù Àyìndé Barrister kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní K1. Tony Allen tó padà di ọ̀gá onílù Afrobeat ńkọ́? Iṣẹ́ ilé rédíò ló ń ṣe nígbà tó ń kọ́ ìlù. Nígbà tó wọ ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá, igi méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé e lọ́wọ́. Igi méjì péré! Ṣùgbọ́n ojú agbo kan náà ló wà pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, etí rẹ̀ ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń rí. Ká ní wọ́n ti sọ fún un pé “má ba eré jẹ́ fún wa”, ta ni ì bá lu ìlù fún Fẹlá?

Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ́yìn. Ní ìdí òfì, ọmọ tó ń ká òwú wà lẹ́bàá ẹni tó ń hun ẹtù àti àlàárì. Ó ń wo ọwọ́, ó ń wo ẹsẹ̀, títí tí wọ́n á fi ní kóun náà wọ ìdí òfì. Ìsẹ́yìn yìí kan náà ni Dókítà Wálé Òkédìran dá ibùgbé àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀bẹdí sílẹ̀ sí ní ọdún 2010. Òǹkọ̀wé á wá gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa kọ ìwé tirẹ̀, á sì tún máa tọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ìlú náà sọ́nà. Àwa ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, a máa ń pàtẹ́wọ́ fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Bó bá wá dáa fún gègé, kí ló dé tí kò fi dáa fún kọ̀ǹgọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ohun tó bá ti òkè òkun wá nìkan ló dáa, ẹ gbọ́ tiyín. Ní Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà ìlú náà, tí Marin Alsop ń darí nígbà náà, ké sí àwọn àgbàlagbà tí kì í ṣe orin ni wọ́n fi ń jẹun ní ọdún 2010. Wọ́n ní kí wọ́n gbé fáólìn wọn, kí wọ́n gbé fèrè wọn, kí wọ́n wá bá àwọn ọ̀gá jókòó. “Rusty Musicians” ni wọ́n pe ètò náà, ìyẹn àwọn olórin tí ọwọ́ wọn ti dógùn-ún. Ẹni tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì jókòó ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, wọ́n jọ ka ìwé orin kan náà. Ilé ò wó. Nílé níbí, MUSON ti ní ilé ẹ̀kọ́ orin ní Oníkan l'Ékòó láti ọdún 1989, ọdún 2006 sì ni MTN Foundation bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dípúlómà ibẹ̀. Ó dáa, a kí wọn. Ṣùgbọ́n Èkó jìnnà sí Òkè-Ògùn, fáólìn sì wọ́n. Gángan ò jìnnà. Láti Ṣakí dé Òkèihò, láti Ìgànná dé Ìgbòho tí àwọn Aláàfin ti jọba rí, ọ̀gá onílù wà nílé. A ò kàn kàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ẹlòmíràn á ní, “Ọmọ Àyàn ló ni ìlù. Ẹni tí kò bá jẹ́ Àyàn, kó jìnnà sí i.” Mo bọ̀wọ̀ fún ilé Àyàn, torí àwọn ló tọ́jú nǹkan yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo Múráínà Oyèlámì ti Ìràgbìjí. Ayàwòrán ni, ó bá Dúró Ládiípọ̀ ṣeré, ó kọ́ dùndún, ó kọ́ bàtá, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí dùndún ní 1989, lórí bàtá ní 1991. Ẹ wo Aralọlá Olúmúyìwá tí wọ́n ń pè ní Àrà: obìnrin ni, gángan ló fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Ẹ tún wá wo àdúgbò tiyín. Ilé onílù mélòó ló ṣì ní ọmọ tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóde? Ọ̀kan ń gun ọ̀kadà, ọ̀kan ti gba bodè lọ, ọ̀kan ń ṣe DJ. Mi ò dá wọn lẹ́bi, oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Àmọ́ bàbá tí kò rí ọmọ gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó yẹ kí àwa máa bá a lé akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbà á sẹ́yìn?

Àwọn kan nínú àwa ẹlẹ́sìn náà á ní ìbọ̀rìṣà ni. Ẹ̀gbọ́n mi, gángan tó ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ ìkórè ńkọ́? Onílù mélòó ló ń jẹ́ Làmídì, tó ń jẹ́ Rábíù, tó ń kírun márùn-ún lójúmọ́? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ nǹkan mìíràn o jàre.

Ẹ̀hẹ́n, mo ń bọ̀ lórí àwa tá a fẹ́ lù ú. Bọ́mọdé bá mọwọ́ọ́ wẹ̀, á bágbà jẹun. Mélòó nínú wa ló mọ ọwọ́ọ́ wẹ̀? Ìyáàlù ni gbogbo wa fẹ́ gbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́! A fẹ́ kí wọ́n yà wá ní fọ́tò pẹ̀lú ṣaworo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wíwẹ ọwọ́ náà nìyí: kí o tètè dé ju ọ̀gá lọ, kí o gba omele tí wọ́n bá gbé fún ẹ, kí o lu ohun kan náà fún wákàtí kan láìjẹ́ pé ó sú ẹ, kí o má fọwọ́ kan ìyáàlù àfi bí wọ́n bá ní kí o gbé e. Ẹni tí èyí bá wúwo fún, kó padà sáàárín àwọn tó ń wòran, ìjókòó pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń bẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ọ̀gá onílù yẹ kó wá kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́ torí “àṣà wa” ni. Àṣà kì í ra gàrí. Ọ̀gá tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wa kó tó di ọjọ́ ayẹyẹ gbọ́dọ̀ gbowó ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́tọ̀ sí owó òde. Bí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá rí owó san fún DJ tó kàn ń tẹ bọ́tìnì, wọ́n á rí ti àgbà tó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀.

Àwa náà ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Wọ́n mọ ìlù, àwa mọ̀wé. Bí àwọn ọ̀gá bá yọ̀ǹda, ohun tí ìyáàlù bá sọ, a lè bi wọ́n léèrè, ká kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, ká fi orúkọ ẹni tó lù ú sí i, ká tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ó sàn ju ewì ìfẹ́ mẹ́jọ tá à ń tẹ̀ lóṣù lọ, kí àwọn akéwì wa má bínú.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè fún ọ̀sẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Àyè omele mẹ́rin fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀wọ́ ìlù tí wọ́n bá pè, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀sẹ̀ méjì ìfidánrawò ṣáájú ọjọ́ náà. Owó ọ̀gá lọ́wọ́ ọ̀gá kí ìlù tó dún. Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú mẹ́rin yẹn, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ dínà, kó dìde sọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo ilé. Àgbà onílù ò kọ̀, àwa náà ò kọ̀. Ta ló kù?