Ẹ Bi Wáyà Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Gílóòbù

Ẹni tó bá ń rìn láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìṣẹ́yìn, tàbí láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò pàdé oríṣi ọkọ̀ méjì tó ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀kan ni èyí tí iná iwájú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí kò lè fi ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójú títì han awakọ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún. Èkejì ni èyí tó gbé iná LED funfun báláú sórí, tó jẹ́ pé bó bá kọjú sí yín, ẹ kò ní mọ ibi tí etí títì wà mọ́. Lójú tèmi, ibi kan náà ni àwọn awakọ̀ méjèèjì ti ṣìnà: wọn kò wá ìdí tí iná fi ṣókùnkùn. Ọ̀kan gbà pé bí ọkọ̀ àgbà ṣe máa ń rí nìyẹn. Èkejì sáré lọ sọ́jà.

Land Cruiser ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní 80 Series, irú tí Toyota ń ṣe ní àwọn ọdún 1990. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà nínú ẹrẹ̀, òun ló sì ń bá mi kó iṣu láti Òkè-Ògùn wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ìmọ̀ràn tí mo gbọ́ kò ju méjì lọ: kí n lọ sí ọjà Àràròmí ní Gate lọ ra gílóòbù 100 wáàtì, tàbí kí n ra LED. Rewáyà kan tilẹ̀ ti mú píláyà dání, ó fẹ́ gé wáyà tó bá ọkọ̀ wá, kí ó fa òmíràn gba inú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó sì kan súìṣì tuntun mọ́ ọn. Mo ní kó dúró ná. Mo bi í pé fólítì mélòó ló ń dé ẹ̀yìn gílóòbù. Kò ní mítà. Ẹ̀yin obìnrin tó ń wa ọkọ̀, ẹ máa béèrè ìbéèrè yìí. Àwọn rewáyà kì í retí rẹ̀ lẹ́nu wa.

Ọ̀gá rewáyà kan ní Ìṣẹ́yìn, àgbàlagbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà Peugeot 504, ló ṣe é bó ṣe yẹ. Ó ní, “Màmá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká bi wáyà léèrè ná.” Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n tan iná. Ó fi mítà kan orí bátìrì: 14 fólítì. Ó fi kan ẹsẹ̀ gílóòbù nígbà tí iná ń tàn lọ́wọ́: 11.3. Fólítì tó lé ní 2 ti ṣòfò sójú ọ̀nà kó tó dé ibi iṣẹ́, gílóòbù kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ ni pé bí fólítì tó ń dé irú gílóòbù yìí bá fi 10 nínú 100 wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 30 nínú 100 wálẹ̀. Wáyà tí kò dára díẹ̀ ti tó láti sọ iná ọkọ̀ di ti àtùpà.

Ọ̀gá wá fẹsẹ̀ tọ wáyà náà sẹ́yìn. Ibi earth ló kọ́kọ́ yà. Lára irin iwájú ọkọ̀, nítòsí bátìrì, bóòtù kan wà tí wáyà earth so mọ́. Ẹni tó kun ọkọ̀ náà rí ti fín ọ̀dà sórí irin kó tó dá bóòtù padà, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Ó fi sáńpépà ha á títí irin fi ń dán, ó dì í le, ó fi gíríìsì pa á lára kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Mítà gòkè sí 12.6 lójú ẹsẹ̀.

Fólítì yòókù tó ń ṣòfò wà nínú wáyà gígùn tó gba fíúùsì àti súìṣì kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rewáyà ti máa ń ṣi Land Cruiser yìí mú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, positive ni súìṣì ń gé. Toyota yìí kò rí bẹ́ẹ̀: positive ti lọ sí gílóòbù, apá earth ni súìṣì fúlú àti dímù ń ṣí tí ó sì ń tì. Ẹni tó bá fi tẹ́sítà wá positive tó ń ti súìṣì bọ̀ kò ní rí i, yóò ní súìṣì ti jóná, bẹ́ẹ̀ súìṣì kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá so rìléè méjì, ìyẹn súìṣì tí iná díẹ̀ ń ṣí tó sì ń tì, ọ̀kan fún fúlú, ọ̀kan fún dímù. Ó fa wáyà nínípọn láti orí bátìrì gba inú fíúùsì, ó sì jẹ́ kí wáyà àtijọ́ máa ṣe iṣẹ́ pípe rìléè nìkan. Kò gé wáyà kankan. Mítà ka 13.6. Gílóòbù H4 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 60 wáàtì fún fúlú, 55 fún dímù, la dá padà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì dé ibi tí n kò rò pé ó lè dé.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò 100 wáàtì tí wọ́n ní kí n rà. Gílóòbù méjì oní-60 wáàtì ń fa ámípù 10 lórí 12 fólítì. Oní-100 méjì yóò fa nǹkan bí 17. Wáyà tó ti lé lógún ọdún, tí kò gbé 10 dáadáa, ni ẹ fẹ́ di 17 rù! Yóò gbóná, rọ́bà ẹ̀yìn gílóòbù yóò yọ́, bó bá sì burú, iná lè sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹrù wáyà sì ṣe ń pọ̀ ni fólítì tó ń ṣòfò ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ kò tilẹ̀ ní rí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ sanwó fún.

Ti LED ló ń bí mi nínú jù, nítorí ẹlòmíì ló ń jìyà rẹ̀. Nínú gílóòbù H4, abọ́ irin kékeré kan wà lábẹ́ okùn iná dímù. Òun ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lọ sójú ẹni tó ń bọ̀. Ibi tí okùn náà wà gan-an ni wọ́n sì fi wọn abọ́ dídán tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà nínú iná ọkọ̀. Bí ẹ bá ti LED olówó pọ́ọ́kú bọ ibẹ̀, tí ojú iná rẹ̀ kò bọ́ sí ibi kan náà, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri: sórí igi, sójú ọlọ́kadà, sójú awakọ̀ tírélà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò rò pé òun ń ríran nítorí pé iwájú òun funfun. Títì lọ́hùn-ún kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Jámánì tó mọ ọkọ̀ ṣe di ọdún 2020 kó tó fún LED àrọ́pò láṣẹ lójú títì, ọkọ̀ tí wọ́n bá sì ti dán an wò nínú rẹ̀ nìkan ló wà fún. Àwa ń rà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ẹ̀yin tó ń ra iná tòkunbọ̀ náà, ẹ gbọ́. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ìlú Ọba àti Japan ń wakọ̀ lápá òsì. Iná dímù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tiwọn ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí òsì, ojú ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé wa gan-an nìyẹn. Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti wá kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì wọn ìdúró iná: ẹ dúró níwájú ògiri ní mítà 10 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí orí ìmọ́lẹ̀ dímù rẹlẹ̀ ju àárín iná ọkọ̀ lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ẹrù tí ẹ sábà máa ń kó. Bí mo bá di iṣu kún ẹ̀yìn Land Cruiser, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná tó dúró dáadáa lówùúrọ̀ á wá máa fọ́ni lójú lálẹ́.

Mo rọ ẹgbẹ́ àwọn rewáyà pé kí wọ́n sọ mítà di dandan fún ọmọ iṣẹ́ kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Mo rọ àwọn tó ń fún wa ní ìwé pé ọkọ̀ wa yẹ fún títì pé kí wọ́n máa tan iná rẹ̀ sí ògiri kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tó sì ń wa ọkọ̀ àgbà bíi tèmi, ẹ ra mítà tiyín, kò wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà ọkọ̀ yín láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ fún yín iye fólítì tó bá lẹ́yìn gílóòbù.