Amánà Ọlọ́hun Tó Wà Nínú Igbó

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìnàkí ńlá tí a ń pè ní gọ̀rílà wà ní orílẹ̀-èdè wa? Ó wà lórí òkè Afi àti òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River, títí wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Gbogbo wọn kò tó 300.

Ní Rùwáńdà, àlejò kan ń san 1,500 dọ́là láti fi wákàtí kan wo ìbátan wọn, àwọn ará abúlé sì ń rí nínú owó náà. Ṣùgbọ́n ní ọgbà Virunga ní Kóńgò, ogun ti lé àlejò lọ, ẹ̀ṣọ́ igbó tó lé ní 200 sì ti kú sẹ́nu iṣẹ́. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní 2017 ti gbé irú ewu bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ààlà wa.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Mùsùlùmí kì í jẹ ìnàkí, kí ló kàn wá?” Ó kàn wá. Okùn wáyà tí ọdẹ dẹ de ẹtu kò mọ̀ bóyá ìnàkí ló ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran tí okùn fún lọ́rùn pa, tí a kò dúńbú láàyè, òkúǹbete ni; harámù ni fún wa.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń ta ẹran ìgbẹ́ léèrè bí wọ́n ṣe pa á. Bí kò bá lè sọ, ẹ má rà á. Òótọ́ ni pé Abuja níbí ni olú-iléeṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìdí ààrò wa ni ìṣọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣọ́ amánà Rẹ̀. Àmín.