Ẹ Gbé Ẹmu Kúrò Ní Ẹ̀yìnkùlé

Níbi ìdána ẹ̀gbọ́n mi ní Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, Bàbá wa àgbà gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu méjì wá láti Oǹdó. Ìdájí ni wọ́n ti wọ oko kí ó lè dé ní tuntun. Àwọn tó ń ṣètò gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì lọ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Wáìnì òkè òkun ni wọ́n tò síwájú àwọn àlejò pàtàkì. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ẹmu ti kan, wọ́n dà á nù. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n wọkọ̀ padà sílé. Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: ọmọ ọdún 16 ni mí, n kì í mu ọtí, n kò sì rọ ọmọdé kankan láti mu ún. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹmu, nítorí Bàbá ti kọ́ mi láti fi imú àti etí mọ̀ ọ́n. Ẹmu ọ̀pẹ yàtọ̀ sí ògùrọ̀ tí í hù ní àbàtà. Ẹmu àárọ̀ ń ta sánsán, torí ṣúgà inú igi ṣì wà nínú rẹ̀. Ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìgbà tó ti ń kán sínú akèrègbè. Bí ó bá di ọ̀sán, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń hó. Ó ti le nìyẹn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kíkan ti wọ̀ ọ́.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ló sì ní oúnjẹ tirẹ̀. Bàbá ní ẹmu àárọ̀ ni ti iṣu sísun àti epo. Ti ọ̀sán ni ti asun, ẹran ewúrẹ́ aláta tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wa ní Oǹdó, torí ìyókù adùn inú rẹ̀ ń pẹ̀tù sí ata. Èyí tó ti ń kan díẹ̀ ni ti iyán àti ẹ̀gúsí, torí ó ń gé epo ọbẹ̀ kúrò lẹ́nu.

Irú ìmọ̀ yìí ni àwọn ará Japan fi ń yangàn. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń pọn ọtí wọn tó ń jẹ́ sake. Wọ́n mọ èyí tí a ń mu ní tútù àti èyí tí a ń mu ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì mọ èyí tó bá ẹja mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ ọgbọ́n pípọn sake mọ́ àwọn ogún àṣà aráyé. Ta ló ní ọgbọ́n Bàbá kò tó bẹ́ẹ̀? Iwájú àlejò ni wọ́n gbé tiwọn sí. Ẹ̀yìnkùlé ni a gbé tiwa sí.

Àwọn kan yóò ní ọtí ń ba ènìyàn jẹ́. Òótọ́ ni, ìtàn wa kò sì fi pamọ́: ẹmu ló pa Ọbàtálá tó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ayé ṣe. Ṣùgbọ́n ṣé omi ni wáìnì orí tábìlì ọjọ́ náà? Ẹni tó bá kórìíra ọtí, kó kórìíra gbogbo rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ẹmu ìsinsìnyí kò ṣeé fọkàn tán, pé omi àti sákárínì ló kún inú rẹ̀. Ọ̀tá Bàbá ni àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa la fún wọn láyè. A kì í béèrè oko tó ti wá, a kì í béèrè wákàtí tí wọ́n dá a, iye kan náà la sì ń san lórí ojúlówó àti ayédèrú. Ẹni tí kò mọ adùn ojúlówó, ayédèrú ni wọn yóò máa tà fún un.

Wọ́n tún ní ẹmu kì í pẹ́ kan. Ó ti pẹ́ tí NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin, ti ń rọ ẹmu sínú ìgò. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ ìdána yẹn kò tilẹ̀ nílò ìgò. Kí wọ́n kàn bù ú fún àlejò lọ́sàn-án ni.

Bàbá ti lé ní ẹni 70 ọdún, àwọn nìkan ló sì ń fi ìgbà gun ọ̀pẹ nínú ẹbí wa. Ará ilé ẹni tí a bá tà lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Bí ọgbọ́n yìí bá bá wọn lọ, kò sí owó tí a ó fi rà á padà.

Ìdána ẹ̀gbọ́n mi kejì ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo ti sọ fún ìyá mi pé iwájú ni kẹ́ẹ̀gì Bàbá yóò wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo asun, kí Bàbá fúnra wọn sì sọ fún àlejò ohun tí wọn yóò fi mu ún. Màmá kò tíì dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà.