Yúnyún àti Ojú Ọgbẹ́

Nígbà tí à ń ro yídì sílẹ̀ de Iléyá, àdá ṣá ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ilé kan sáré já ewé wá, ó ní yúnyún ni. Ìyá àgbà kan gbà á wò, ó ní, “Ọmọ mi, jogbo lo já wá yìí.” Òdòdó tí ó pọ́n bí ìyeyè ló tan obìnrin náà jẹ.

Ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ni yúnyún ti ṣẹ̀, àwọn onímọ̀ ewéko sì ń pè é ní Aspilia africana. Kì í sábà ga ju ìbàdí tàbí àyà ènìyàn lọ. Ewé rẹ̀ a máa kọjú síra ní méjì méjì, iṣan mẹ́ta a sì hàn láti ìdí ewé. Ẹ fi ìka pa á: yóò ha yín lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. (Ehoro kò bìkítà fún èyí, ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.) Láti Amẹ́ríkà ni jogbo ti wá ní tirẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ, ewé rẹ̀ là bí ìka ọwọ́.

Oje yúnyún ni àwọn baba wa ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àwọn onímọ̀ dán an wò lára eku, wọ́n rí i pé òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa. Inú erùpẹ̀ ni àrùn ipá ń gbé, èyí tí í mú kí àgbọ̀n ènìyàn dì pinpin. Bí erùpẹ̀ bá wà lára ewé, àrùn náà lè bá a wọlé. Mo ti kírun sí òkú ọmọ kan ní ọjọ́ kẹjọ tí ó yẹ kí a sọ ọ́ lórúkọ. Ewé gígún ni wọ́n fi sí ìdodo rẹ̀. Nígbà tí ó yá, kò lè mu ọmú mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi yúnyún tàbí ewékéwé sí ìdodo ọmọ tuntun. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ má mu àgbo rẹ̀, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ ipá. Ó ń dáàbò bo ọmọ inú pẹ̀lú.

Ìyá àgbà yẹn kò tilẹ̀ wá ewé mìíràn lọ. Aṣọ mímọ́ ló fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sì gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́.