Nell kì í ṣe ẹhànnà

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí òǹkọ̀wé yín kọ lórí fíìmù Nell (1994), níbi tó ti pe obìnrin inú rẹ̀ ní ẹhànnà tí kò lédè. Mi ò fara mọ́ ọn. Obìnrin náà lédè. Àwa ni a kò gbọ́ ọ.

Inú igbó North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni ìyá Nell ti tọ́ ọ. Rọpárọsẹ̀ ti ba ìyá náà lẹ́nu jẹ́, bó sì ṣe ń fi ẹnu wíwọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ṣe gbà á. Ẹ wá fi èdè tí Nell àti ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì dá sílẹ̀ láàárín ara wọn kún un. Ìkejì ọ̀hún ti kú láti kékeré, síbẹ̀ Nell ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ nínú dígí. Àwa tí à ń gbẹ́ ère ìbejì, ṣé ó yẹ kí ìyẹn ṣe wá ní kàyéfì?

Ibì kan wà tí mo ti gbà fún òǹkọ̀wé yín: ìran kóòtù tó wà nígbẹ̀yìn dùn jù, bí oògùn ikọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n Jodie Foster, tó ṣe Nell, kò fi iṣẹ́ náà ṣeré rárá. Kì í ṣe lásán ni wọ́n fi yàn án mọ́ àwọn tí wọ́n ń du Oscar.

Kí òǹkọ̀wé yín tún fíìmù náà wò. Kó pa ojú dé díẹ̀, kó fetí sí i.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.